Láàrin Kànga àti Ọ̀fun: Àgbéyẹ̀wò Omi Mímu àti Jàǹbá Inú Ilé ní Àwọn Ìlú Kéékèèké

Bí ọ̀rọ̀ omi bá délẹ̀ ní ìlú kékeré, ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni ibi tí omi ọ̀hún ti ń wá. Ṣé kànga ni, ṣé odò ni, àbí bóóhóòlù tí aṣòfin gbẹ́ nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀? Orí ìbéèrè yìí ni ìjọba ń náwó lé, òun náà ni àwọn olóṣèlú fi ń polongo: wọ́n á ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, wọ́n á kun tánkì ní àwọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n á kọ orúkọ ara wọn gàdàgbà sí i lára. N kò sọ pé orísun omi kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ohun tí ìwádìí ti fi hàn jọ, a ó rí i pé ibi tí ojú gbogbo wa wà kọ́ ni omi ti ń bàjẹ́ jù. Kí omi tó kúrò nínú ilẹ̀ kó tó dé ọ̀fun, á gba inú korobá, kẹ́ẹ̀gì, dọ́rọ́ọ̀mù, àmù àti ife kọjá, ọwọ́ á sì máa kàn án lọ́nà. Ìrìn kúkúrú yẹn ló ń sọ bóyá omi á ṣeni lóore tàbí á dáni dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú jàǹbá tó ń pa ọmọdé nínú ilé ti ń ṣẹlẹ̀: ọmọ já sí kànga, ọmọ gbé kẹrosíìnì mu, àgbàlagbà wọ kànga láti kó ẹrọ̀fọ̀ kò sì gòkè mọ́. A ti pín wọn sí oríṣiríṣi, a gbé omi fún iléeṣẹ́ omi, a gbé jàǹbá fún Ọlọ́run. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹnì kan náà ló sì yẹ kó máa bójú tó o.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti inú ilé wa gan-an wá. Nínú ìwádìí àwọn ìdílé tí wọ́n ń pè ní MICS, tí àjọ ìṣirò Nàìjíríà àti UNICEF ṣe ní 2016 sí 2017, àwọn aṣèwádìí kò kàn béèrè irú omi tí èèyàn ń mu, wọ́n bu omi náà lọ yẹ̀ wò. Wọ́n bù ú níbi tí ìdílé ti ń pọn ọ́n, wọ́n sì tún ní kí wọ́n fún àwọn ní ife kan nínú èyí tí wọ́n ń mu nílé. Kòkòrò tí wọ́n ń wá ni E. coli. Inú ìfun èèyàn àti ti ẹran ni ibùgbé rẹ̀, nítorí náà bó bá ti wà nínú omi, ìgbẹ́ ti kan omi náà nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní a kò gbọdọ̀ rí ẹyọ kan nínú 100 mìlílítà, ohun kan náà sì ni òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà wí. Níbi tí wọ́n ti ń pọn omi, nǹkan bí mẹ́jọ nínú èèyàn mẹ́wàá ló ní kòkòrò yìí nínú omi wọn. Nígbà tí omi fi máa dé inú ife, ó ti di mẹ́sàn-án. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2004, àwọn aṣèwádìí Wright, Gundry àti Conroy ti kó ìwádìí 57 láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde jọ, wọ́n sì rí i pé nínú bí ìdajì wọn, omi burú sí i gidigidi lẹ́yìn tí wọ́n pọn ọ́n tán. Èyí tó yẹ kó dun olóṣèlú jù nínú àbájáde wọn ni pé omi tó mọ́ jù níbi tí wọ́n ti pọn ọ́n ló ń pàdánù jù lọ́nà. Bóóhóòlù tó dára jù ni korobá ẹlẹ́gbin ń bà jẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká wo àgbàlá kan bó ṣe sábà máa ń rí. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, ríngì kan péré ló yọ sókè ilẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ni wọ́n fi dé e, òkúta sì wà lórí páànù. Ohun tí wọ́n fi ń fa omi, èyí tí wọ́n fi rọ́bà inú táyà ṣe, wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, okùn rẹ̀ ká jọ sínú omi ọṣẹ tí ẹni tó fọṣọ dà nù ní àárọ̀. Ewúrẹ́ ti tẹ okùn náà kọjá, adìyẹ ti yàgbẹ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fami á sọ gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀, ohun tó bá sì lẹ̀ mọ́ okùn á ṣan sínú omi tí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún ń mu. Wọ́n á rọ omi náà sínú dọ́rọ́ọ̀mù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi àwo pẹrẹsẹ bò ó, wọ́n á gbé ife kan lé àwo náà. Ọmọ tó ti iléèwé dé, tí òùngbẹ ń gbẹ, á ki ife bọ̀ ọ́, ìka rẹ̀ mẹ́rin á sì kan omi kó tó bù ú. Kò sí ẹni tó ṣe ìmẹ́lẹ́ nínú gbogbo èyí. Ìyá ilé ti gbálẹ̀ láàárọ̀, ó ti fọ dọ́rọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Sátidé, ó ti fi nǹkan bo omi. Bí wọ́n ṣe to ilé náà, àti irú ohun èlò tó wà nínú rẹ̀, ló ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ náà kò ràn wá lọ́wọ́. Láti Òkè-Ògùn títí dé Èkìtì, orí àpáta ògbólógbòó ni ọ̀pọ̀ ìlú wa jókòó lé, omi sì ń fara pamọ́ sínú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta náà tàbí sínú sísán ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí kànga wa kì í fi í jìn, tí omi rẹ̀ sì máa ń ru sókè tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, títí á fi súnmọ́ ìsàlẹ̀ ṣálángá. Ìlànà tí àwọn elétò ìrànwọ́ kárí ayé ń tẹ̀ lé ni pé kí ṣálángá jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju omi inú ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò ju nǹkan bí mítà 18 sí 37 lọ. Bí onílé bá gbẹ́ kànga sí igun kan tó sì gbẹ́ ṣálángá sí igun kejì, ó ṣeé ṣe kó bá ìlànà mu láàrin ọgbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n sókàwéè aládùúgbò lè wà ní mítà márùn-ún péré lẹ́yìn ògiri. Ìṣirò yìí kò ṣòro rárá, síbẹ̀ mélòó la rí nínú àwọn tó ń ta ilẹ̀, tó ń ya pulánù, tó ń fọwọ́ sí i, tó ti jókòó ṣe é?

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ojú, imú àti ahọ́n ń tàn wá jẹ. Bóóhóòlù tó ní irin nínú máa ń rùn bí ìṣó tó dípẹtà, omi rẹ̀ máa ń mú kí aṣọ funfun pọ́n, ó sì ń ba adùn ọbẹ̀ jẹ́. Irin yẹn kì í sábà ṣe èèyàn ní ibi. Ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á fi bóóhóòlù sílẹ̀, wọ́n á padà sí kànga tí omi rẹ̀ dùn, tó mọ́ gaara, tó sì kún fún ohun tí ojú kò rí. Náítíréètì tó ń jò wá láti ṣálángá àti ajílẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bẹ́ẹ̀ ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi po mílíìkì fún, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ kiri ara bó ṣe yẹ. Álọ́ọ̀mù náà ń tan àwọn èèyàn jẹ: ó ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, omi á sì tòrò, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò. Ní ti pìọ́ wọ́tà, òótọ́ ni pé èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC sàn ju omi kànga lọ lápapọ̀. Síbẹ̀ eyín la fi ń já ọ̀rá rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n ti wọ́ nílẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí oòrùn ti pa níwájú ìsọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Kò tún sí ìdílé tí kò rí já jẹ tó lè máa fi pìọ́ wọ́tà nìkan tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Ẹni tó bá rò pé ohun tí a ń ṣe nínú ilé kéré jù láti ṣẹ́gun àrùn kan, kó wo ìtàn sòbìà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ń ṣe é jákèjádò Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ìdèrè, nínú ìlú méje Ìbàràpá, wà lára àwọn ìlú tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn náà kínníkínní ní àwọn ọdún 1980. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, adágún ni àwọn èèyàn ń pọn. Kòkòrò omi tíntìntín ló gbé ọmọ sòbìà pọ́n, ẹni tó bá mu ún kò ní mọ̀ títí bí ọdún kan, ìgbà tí aràn gígùn bí okùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Oró rẹ̀ á mú kó ti ẹsẹ̀ bọ omi, omi náà á sì tún gba ọmọ sòbìà tuntun. Ohun tí wọ́n fi gbógun tì í ní Ìdèrè ni aṣọ asẹ́. Àwọn télọ̀ ìlú ló ń rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n yàn láàrin ará ìlú ló ń tà á, tí wọ́n sì ń fi han àwọn èèyàn bí wọn á ṣe ta á mọ́ ẹnu ìkòkò. Bí aṣọ, ìlànilọ́yẹ̀, oògùn inú adágún àti kànga tuntun ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀ kárí orílẹ̀-èdè nìyí, tí a fi rí ẹni tó ṣe sòbìà kẹ́yìn ní Nàìjíríà ní 2008, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní 2013 pé ó ti tán. Kì í ṣe pé omi ẹ̀rọ ti dé gbogbo ìlú nígbà náà. Lóòótọ́, asẹ́ tó ń mú kòkòrò tí ojú lè rí kò lè mú ti onígbáméjì tàbí ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, nítorí náà a kò lè gbé ìwòsàn ọ̀kan fún èkejì. Èyí tí mo ń mú níbẹ̀ ni pé ẹnu ìkòkò jẹ́ ibi tí a ti lè dá àrùn dúró.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí kànga tó wà lábẹ́ páànù. Ríngì kan tó yọ sókè kò ga ju ìgbáyà ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta sì fẹ́ràn láti máa wo òjìji ara rẹ̀ nínú omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èèyàn 300,000 ni omi gbé lọ ní àgbáyé ní 2021, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́rin. Odò àti òkun kọ́ ni gbogbo wọn kú sí. Kànga wà níbẹ̀, dọ́rọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, korobá tí omi inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ náà lè pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bó bá fi orí sọ̀ ọ́. Ìdérí irin tó ní àgádágodo, tí wọ́n gbé sórí ríngì tó ga dé ìbàdí àgbà, máa dá ọmọ náà dúró. Ìdérí kan náà ló máa dá àgbàrá, aláǹgbá àti ìgbẹ́ adìyẹ dúró. Owó kan ni wọ́n ná, ewu méjì ló kúrò. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń kọ ìwé nípa omi kì í sábà mẹ́nu kan ọmọ tó jìn sí kànga, àwọn tó ń kọ nípa jàǹbá ọmọdé kì í sì í mẹ́nu kan ìgbẹ́ gbuuru.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì àti ìgò rí. Kẹrosíìnì mọ́ gaara bí omi. Bí wọ́n bá ti rọ ọ́ sínú ìgò ike tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán, tí wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní ọ̀nà tó lè gbà mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní Nàìjíríà ti ń kọ̀wé nípa èyí láti ọdún pípẹ́, wọ́n sì ń tún un sọ pé epo pupa tí a ń sáré rọ sí ọmọ náà lẹ́nu kí ó lè bì ló ń dá kún ọ̀rọ̀, nítorí ìgbà tó bá ń bì ni kẹrosíìnì máa ń rí ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkòrò àti oògùn apako tún wà níbẹ̀. Ó lágbára, ó ní ìdérí tó fún, kò sì sí àgbẹ̀ tó fẹ́ sọ ohun tó lágbára nù. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ń pọn omi lọ sóko. NAFDAC ti fòfin de oògùn apako tí wọ́n ń pè ní paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ṣùgbọ́n òfin kò kó kẹ́ẹ̀gì tó ti wà nínú ilé. Òmíràn tún wà tí a kì í kà mọ́ ọ̀rọ̀ omi rárá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí kànga gbẹ, wọ́n á pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga kí wọ́n wá kó ẹrọ̀fọ̀ inú rẹ̀. Wọ́n á fi ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù fa omi tó kù, nígbà míràn wọ́n á so ẹ̀rọ náà kọ́ sínú kànga gan-an. Èéfín rẹ̀ kò ríbi jáde. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ á dákú láìmọ ohun tó mú un, arákùnrin rẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ láti gbà á là á ṣubú lé e. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé mọ́ ojú oorun náà nìyẹn, kànga ló yí i ká lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn kan á ní àwọn baba wa mu omi odò, wọ́n sì dàgbà dárúgbó. Àwọn tó dárúgbó ni a ń rí tọ́ka sí. Orúkọ bíi Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé tó kún ìtàn ìdílé wa ń sọ nípa àwọn tí kò dúró. Kì í ṣe omi ló pa gbogbo wọn, ibà, fọ̀níkú-fọ̀ládìde àti ìgbóná ti kó tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó máa yọ ìgbẹ́ gbuuru kúrò nínú wọn. Lọ́nà kejì, ìlú àwọn baba wa kò fún pọ̀ tó báyìí, ìgbẹ́ sì jìnnà sí omi. Ní ti ayé tiwa, ní 2021 nìkan, èèyàn tí wọ́n fura sí pé onígbáméjì mú ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tó kú sì lé ní 3,500.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní iṣẹ́ ìjọba ni omi, pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ife àti korobá ń gbé ẹ̀bi ìjọba lé ìyá ọlọ́mọ lórí. Mo gbà pé ìjọba jẹ wá ní gbèsè omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí omi ẹ̀rọ ṣe ń dé níbi tó bá wà: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà míràn lóru. Ọjọ́ tó bá yọ, gbogbo ilé á kún dọ́rọ́ọ̀mù. A tún ti padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn, àti ìka mẹ́rin ọmọ iléèwé. Páìpù tó ń wọ ilé sì sábà máa ń gba inú gọ́tà kọjá. Bí omi bá ti dá nínú rẹ̀, òfìfo inú rẹ̀ á fa omi gọ́tà wọlé láti ibi tó ti ń jò. Títí omi yóò fi máa ṣàn tọ̀sán-tòru láìdá, ìpamọ́ omi nínú ilé kò ní kúrò nílẹ̀, ẹni tó bá sì ní ká dúró de ìjọba ń ní kí ọmọ tó wà nílé lónìí dúró.

Ẹ̀rí kan wà tó ta ko apá kan ọ̀rọ̀ tèmi, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́. Ní 2018, àbájáde ìdánwò ńlá kan jáde láti Kenya àti Bangladesh, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ìdílé ní klórìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, àti àwọn ohun ìmọ́tótó mìíràn. Ní Kenya, ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé kò dín kù, àwọn èèyàn sì ń pa klórìnì tì bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Ní Bangladesh, níbi tí àwọn alábẹ̀wò ti ń dé ilé léraléra, ó dín kù nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìdánwò náà, àfi ẹ̀ka tí wọ́n ti fún wọn ní klórìnì nìkan. Ní ìdà kejì, nígbà tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé Michael Kremer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ púpọ̀ pọ̀, wọ́n rí i pé títún omi ṣe dín ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé klórìnì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó, ó sì dára ju síse lọ ní ti pé ó ń dúró ti omi nínú dọ́rọ́ọ̀mù, nígbà tí omi tí a sè tí a sì bu ọwọ́ sí ti padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ìgò oògùn kan lé ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́ ká sì máa lọ. Ó nílò ohun èlò tí kò béèrè ìrántí ojoojúmọ́: ike ẹlẹ́nu tóóró tó ní ẹ̀rọ nídìí, èyí tí ọwọ́ kò lè wọ̀. Ó sì nílò ẹni tó máa padà wá.

A ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Wolé-wolé ayé òyìnbó máa ń wọ àgbàlá, á ṣí àmù wò bóyá ọmọ ẹ̀fọn wà níbẹ̀, á yẹ ṣálángá wò, á sì kọ ìwé ìpè ilé-ẹjọ́ fún onílé tó bá lùgbàdì. Àwọn èèyàn bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì kórìíra rẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí iye tó gbà lábẹ́lẹ̀ lè ju iye tó dé ilé-ẹjọ́ lọ. Iṣẹ́ náà kò tíì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ṣì wà ní ìjọba ìbílẹ̀, òfin 2002 sì dá ìgbìmọ̀ tó ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé sílẹ̀. Ohun tí wọ́n pàdánù ni iṣẹ́ ilé sí ilé, tí ọ̀pọ̀ wọn fi dẹni tó ń jókòó sọ́fíìsì tàbí tó ń yẹ ilé oúnjẹ wò. Èmi á fẹ́ kí wọ́n padà sí àgbàlá, kí wọ́n má mú ìwé ìpè dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n mú téèpù ìwọnlẹ̀ àti ìgò àyẹ̀wò omi. Kí wọ́n wọn ọ̀nà tó wà láàrin kànga àti ṣálángá, títí kan ti aládùúgbò. Kí wọ́n wo ìdérí, kí wọ́n wo ibi tí okùn ń sùn, kí wọ́n béèrè ìgò tí kẹrosíìnì wà, kí wọ́n bi àwọn tó ń kó ẹrọ̀fọ̀ ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wọn sí.

Ẹni tó bá ní wọ́n á tún máa gba rìbá kò parọ́, ṣùgbọ́n àbẹ̀wò tí kò ní owó ìtanràn nínú kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí èèyàn lè fi rìbá rà, a sì lè lẹ àbájáde àyẹ̀wò omi mọ́ ara ògiri kànga níbi tí gbogbo ẹni tó ń pọn ọ́n ti lè rí i. Ìtanràn lè wà fún ìgbà kejì tàbí ìkẹta, kó má sì jẹ́ fún ìyàwó ilé. Ayálégbé kò lè ri ríngì mọ́ orí kànga tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì lè gbé ṣálángá kúrò níbi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Onílé tó ń gba owó ilé lọ́dọọdún ni kí wọ́n kọ ìwé náà sí, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá wò ó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.